Ẹ̀rù Ọlọ́pàá Kò Gbọdọ̀ Pa Ẹni tí Ọkọ̀ Gbá

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Kubwa àti agbègbè rẹ̀, Àbújá

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọjọ́ ìsinmi yín sílẹ̀ kí ẹ lè wà níbí, mo kí gbogbo yín, mo sì dúpẹ́ fún àyè tí ẹ fún mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àgbà wa fi máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ olóore: wọ́n ní igúnnugún ṣoore, ó pá lórí, àkàlàmàgbò ṣoore, ó yọ gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn. Ní Àbújá níbí, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní yẹ̀yẹ́, ó ti di ìlànà tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ń rìn. Bí wọ́n bá rí ẹni tí mọ́tò gbá ní òpópónà márosẹ̀ Kubwa, tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lára rẹ̀, wọn á dẹ eré díẹ̀, wọn á wò ó, wọn á ní "Olúwa ṣàánú," wọn á sì máa bá tiwọn lọ. Kì í ṣe pé wọn kò láàánú. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, èsì kan náà ni ẹ ó gbọ́: "Ta ló fẹ́ lọ sun àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹni tí kò mọ̀ rí?" Ẹ̀rù yìí gan-an ni mo bá wá síbí lónìí.

Mi ò ní dúró níwájú yín kí n máa sọ pé ẹ̀rù náà kò nídìí. Agbẹjọ́rò ni mí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti gbé ẹni tó fara pa dé ilé ìwòsàn rí, tí wọ́n fi di ẹni tí à ń da ìbéèrè bò títí ilẹ̀ fi ṣú, tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ní kí àwọn ará ilé wọn wá fi owó gba bélì wọn. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, á jẹ́ pé kò gbé Nàìjíríà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn lòdì sí òfin, pé òfin wà lẹ́yìn ẹni tó ṣèrànwọ́ ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ, àti pé ọ̀nà wà tí ènìyàn lè gbà ṣe ìrànwọ́ náà tí ọ̀rọ̀ kò fi ní dì mọ́ ọn lọ́rùn.

Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023 sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti 190,000 ènìyàn ni ìjàǹbá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún káàkiri àgbáyé, àti pé òun ló ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 5 sí 29 ju ohun mìíràn lọ. Ní ilẹ̀ wa, àwọn tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ìyẹn Róòdù Séfútì, kọ sílẹ̀ pé wọ́n kú ní 2024 lé ní 5,000. Kì í ṣe gbogbo wọn ló kú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá já ní itan rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ fi máa tán lára rẹ̀. Ẹni tó dákú, tí ahọ́n tàbí ẹ̀jẹ̀ sì dí i lọ́nà ọ̀fun, kò ní pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí áńbúláǹsì kan, bó ti wù kó yá tó, tó lè ti Gwagwalada dé Abaji láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹni tó wà nítòsí nígbà tí ọkọ̀ náà takìtì ni dọ́kítà àkọ́kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣu ló ń tà.

Níbo ni ẹ̀rù yìí ti wá? Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, nígbà tí ìbọn pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn, tí ìdigunjalè sì gbilẹ̀, ìjọba ológun ṣe òfin líle lórí olè àti ìbọn. Èyí tí wọ́n ṣe ní 1984 pa á láṣẹ pé ẹnikẹ́ni tàbí ilé ìwòsàn tó bá gba ẹni tí a fura sí pé ìbọn bà gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí. Òfin náà kò sọ pé kí dọ́kítà káwọ́ gbera títí ìwé yóò fi ti àgọ́ dé. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, kí wọ́n má baà kó sí wàhálà, sọ ohun tó yẹ kí àwọn fúnra wọn ròyìn di ìwé tí aláìsàn gbọ́dọ̀ mú wá. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun tó bẹ̀rẹ̀ lára ọgbẹ́ ìbọn ràn mọ́ ọgbẹ́ ọ̀bẹ, ó sì ràn mọ́ ẹni tí ọkàdà gbé ṣubú, títí tó fi di pé nọ́ọ̀sì ẹnu ọ̀nà ń béèrè "Ìwé ọlọ́pàá dà?" lọ́wọ́ ẹni tó gbé ọmọ tí mọ́tò gbá wọlé. Ní tèmi, ìbéèrè yẹn ló kọ́ àwọn awakọ̀ wa láti máa wo iwájú nìkan.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, nínú Àbújá yìí, àwọn ọlọ́ṣà "one chance" gún ọ̀dọ́bìnrin kan, wọ́n sì tì í jáde nínú ọkọ̀ sí òpópónà tó ti Maitama bọ̀ ní Kubwa níbí. Àwọn aláàánú gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan. Ìròyìn tó gba ìlú kan ni pé wọ́n béèrè ìwé ọlọ́pàá níbẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ilé ìwòsàn náà ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ó ti kú kí wọ́n tó gbé e dé. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò sì ní dá ẹjọ́ náà níbí. Ohun tó yẹ kí á kíyè sí ni bí gbogbo ìlú ṣe tètè gba ọ̀rọ̀ ìwé ọlọ́pàá náà gbọ́, torí pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tí kò tíì gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú ẹbí tàbí ládùúgbò tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ohun tí òfin sọ lóde òní. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2014 sọ ní abala 20 pé kò sí oníṣègùn, òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé ìwòsàn tó gbọdọ̀ kọ̀ láti fún ènìyàn ní ìtọ́jú pàjáwìrì, ohun yòówù kí ìdí rẹ̀ jẹ́. Àìsówó lọ́wọ́ kì í ṣe ìdí, àìsí ẹbí nítòsí kì í ṣe ìdí, àìsí ìwé ọlọ́pàá pẹ̀lú kì í ṣe ìdí. Ẹni tó bá kọ̀ ti ṣẹ̀ sófin. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 100,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ nọ́ńbà méjì yìí sórí fóònù yín, 2014 àti 20, nítorí pé ohùn ẹni tó mọ abala òfin máa ń yàtọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin 2017 lórí ìtọ́jú ẹni tí ìbọn bà. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn gbà á, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀, yálà ìwé ọlọ́pàá wà tàbí kò sí, láìkọ́kọ́ gba owó àsansílẹ̀. Ilé ìwòsàn ni yóò ròyìn fún ọlọ́pàá láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn, àti ọlọ́pàá pẹ̀lú, láti ṣèrànwọ́ kí ẹni náà lè dé ilé ìwòsàn tó sún mọ́ jù lọ. Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní ọ̀rọ̀ mọ́tò la wá sọ, kì í ṣe ti ìbọn. Òótọ́ ni. Òfin 2017 kò dárúkọ ìjàǹbá mọ́tò, àlàfo gidi sì ni, mo ṣì máa padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òfin bá lè ní kí á tọ́jú ẹni tí ìbọn bà láìdúró de ìwé, ẹni tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdí olè ló ti wá, ẹnu wo ni èèyàn fẹ́ fi béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí tírélà gbá nígbà tó ń lọ sọ́jà Dei-Dei?

Èyí tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù bí mo bá sọ ọ́ ni òfin tí wọ́n ṣe fún ọlọ́pàá fúnra wọn. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, níbi tó ti ka iṣẹ́ wọn sílẹ̀ ní abala kẹrin, ní kí wọ́n bá àwọn àjọ mìíràn pawọ́ pọ̀ láti ran àwọn tó wà nínú ìdààmú lọ́wọ́, ó sì dárúkọ àwọn tó kó sínú ìjàǹbá ojú ọ̀nà ní tààràtà, pẹ̀lú àwọn tí iná jó àti àwọn tí omíyalé ṣe lọ́ṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó gbé ẹni tó fara pa kúrò lójú títì lọ sí ilé ìwòsàn ń bá ọlọ́pàá ṣe iṣẹ́ tí òfin gbé lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ni. Ó yẹ kí wọ́n fún un ní àga kó jókòó, kí wọ́n sì fún un lómi mu.

Bí ọlọ́pàá kan bá wá fẹ́ dá a dúró ńkọ́? Ìwé Òfin Ilẹ̀ Wa ti 1999, ní abala 35, sọ pé ẹni tí wọ́n bá mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá agbẹjọ́rò rẹ̀ tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, bẹ́ẹ̀ ẹ sì mọ̀ pé ní Kubwa níbí, ilé ẹjọ́ kò jìnnà. Ẹni tí wọ́n mú láìtọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti sí ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 tí a ń lò ní Àbújá, tí àwọn ìpínlẹ̀ náà ti ń ṣe irú tiwọn, fi kún un pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Ìtumọ̀ èyí fún wa ni pé bí awakọ̀ tó gbá ènìyàn bá sá lọ, kò sí ẹni tó láṣẹ láti fi aláàánú tó dúró dí àyè rẹ̀. Ní ti bélì, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan máa ń fẹ̀yìn ti ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí kí wọ́n tó dárúkọ iye owó.

Òfin nìkan kò tó ṣá o. Bí ènìyàn ṣe ṣe ìrànwọ́ náà ló ń pinnu bóyá ọ̀rọ̀ yóò yí lé e lórí tàbí kò ní yí. Bí iná bá ń jóni tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni la kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Ẹ gbé ọkọ̀ yín síwájú díẹ̀ sí ibi tí ìjàǹbá náà wà, kúrò lójú ọ̀nà, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú, kí ẹnì kan sì gbé C-caution tàbí ẹ̀ka igi sẹ́yìn dáadáa kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí i, pàápàá lórí òkè Kugbo tàbí ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja, níbi tí tírélà kì í ti í lè dúró lójijì. Lẹ́yìn náà, ẹ pe 122, nọ́ńbà Róòdù Séfútì, tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ sọ orúkọ abúlé tàbí ilé epo tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì sọ iye ènìyàn tó fara pa. Ìpè yìí ń pe olùrànlọ́wọ́, ó sì tún ń fi sílẹ̀ lórí fóònù yín pé ní aago báyìí, ẹ̀yin lẹ pe ìjọba sí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti rí i pé kò sí ohun tó ń yára pa iyèméjì ọlọ́pàá tó èyí.

Ẹ má ṣe dá a ṣe. Ní ilẹ̀ Àríwá níbí, kò sí ibi tí ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tí àwọn ará abúlé kì í ti í sáré jáde, Gbagyi ni wọ́n ni, Haúsá ni, Fúlàní ni, wọ́n sì sábà máa ń ṣáájú gbogbo wa débẹ̀. Ẹ ké "Taimako!", ìyẹn "Ẹ ràn wá lọ́wọ́!" ní èdè Haúsá, kí wọ́n gbọ́. Bí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá jọ gbé e, ẹlẹ́rìí ti wà nìyẹn. Kí ẹ tó gbé e, kí ẹnì kan ya fọ́tò bí àwọn ọkọ̀ náà ṣe wà àti nọ́ńbà ara wọn. Fọ́tò ẹ̀rí ni mo ń sọ o, kì í ṣe ti ojú ẹni tó ń jẹ̀rora, tí ẹ ó lọ gbé sórí Facebook kí ẹbí rẹ̀ tó gbọ́.

Ní ti ara rẹ̀, ohun tó yẹ kí á ṣe kò pọ̀, àṣejù ló ń pa ènìyàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde, ẹ ká aṣọ mímọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ gírígírí, ẹ má sì máa ṣí i wò. Bí ó bá dákú ṣùgbọ́n tó ń mí, ẹ yí gbogbo ara rẹ̀ pa pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè ṣí, kí ẹnì kan di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó má yí lọ́tọ̀. Ẹ má fún un lómi mu, ẹ má da omi tútù lé e lórí, ẹ má sì fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ jáde nínú ọkọ̀ àfi bí iná bá fẹ́ sọ. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé áńbúláǹsì ti ń bọ̀ nítòsí, ó sàn kí ẹ dúró tì í ju kí ẹ ká a sí búùtù lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ sí i, kó lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Red Cross kí wọ́n kọ́ ọ.

Owó àti fóònù ẹni tó fara pa ló máa ń fa ìjọ̀gbọ̀n jù lọ, kódà ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ẹ kà wọ́n lójú àwọn ènìyàn, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, kí ẹ sì gbà kí òṣìṣẹ́ Róòdù Séfútì tàbí nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ilé ìwòsàn ńkọ́? Ẹni tó bá wà ní ọ̀nà Lọ́kọ́ja máa ń sún mọ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó wà ní Gwagwalada, ẹni tó wà lẹ́yìn Masaka máa ń sún mọ́ Keffi, àwa tí a wà níbí ní ilé ìwòsàn Kubwa. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí i, aago tí ẹ rí i, àti pé ẹ kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Gbèsè ìtọ́jú rẹ̀ kì í ṣe tiyín. Òfin 2014 kan náà ti ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì nínú owó ìlera tó dá sílẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá dé, ẹ kọ ohun tí ẹ fojú rí nìkan sínú sitétímẹ́ǹtì. Ẹ má méfò nípa eré tí ẹnì kan sá tàbí ọtí tí ẹnì kan mu. Ẹlẹ́rìí kì í ṣe afurasí, ẹnu rẹ̀ ni kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di ọ̀kan.

Ibì kan wà tí mi ò ní ní kí ẹnikẹ́ni dúró. Bí táńkà epo bá dojú dé, sísá jìnnà ni ìrànwọ́, kí ẹ sì máa lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn. A rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa ní oṣù kẹwàá 2024, níbi tí ó lé ní 150 ènìyàn ti jóná, a sì tún rí ti oríta Dikko lẹ́bàá Suleja ní oṣù kìn-ín-ní 2025, níbi tí ó lé ní 80 ti kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá gbọ́n epo. Bákan náà, bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní ọ̀nà Kàdúná, tí ẹ dá wà nínú ọkọ̀, tí ẹ sì rí ohun tó jọ ìjàǹbá níbi tí kò sí ilé, ẹ má dúró: àwọn ajínigbé lè wà nínú igbó. Ẹ pe 122 bí ẹ ti ń lọ, kí ẹ sì sọ fún àwọn ṣọ́jà tàbí ọlọ́pàá tó wà níbi àyẹ̀wò tó tẹ̀ lé e. Ìrànwọ́ gidi nìyẹn náà.

Mo ní mo máa padà sí àlàfo òfin 2017. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Piyush Tewari pàdánù ìbátan rẹ̀ kan sínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 2007. Àwọn ènìyàn ń kọjá, kò sí ẹni tó gbé ọmọ náà, nítorí ẹ̀rù ọlọ́pàá kan náà tí à ń sọ yìí. Ó dá àjọ SaveLIFE sílẹ̀ ní 2008, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀. Ní 2016, ilé ẹjọ́ náà fọwọ́ sí i pé wọn kò gbọdọ̀ fi dandan gba orúkọ ẹni tó ṣèrànwọ́, wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró sí ilé ìwòsàn, wọn kò sì gbọdọ̀ fipá sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí. Ní 2019, ilé aṣòfin wọn fi ààbò yìí sínú òfin ìrìnnà ọkọ̀. Ogún ọdún kò pé láàárín ikú ọmọ yẹn àti òfin náà. Ohun tó yẹ kí àwọn aṣòfin wa ṣe kò tó ìyẹn: kí wọ́n fi ìjàǹbá mọ́tò kún òfin 2017, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ẹni tó gbé aláìsàn wá lè máa lọ ilé rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sọ ohun tó mọ̀.

Kí àwọn aṣòfin tó gbọ́, ohun tí ẹgbẹ́ yìí lè ṣe wà nílẹ̀. Mo rọ àwọn ọ̀dọ́ wa tó ní ọkọ̀ pé kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Special Marshal, àwọn ará ìlú tó ń fi ọ̀fẹ́ bá Róòdù Séfútì ṣiṣẹ́. Àwa agbẹjọ́rò tí a wà nínú ẹgbẹ́ ti gbà kí akọ̀wé pín nọ́ńbà fóònù wa fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí ẹni tí wọ́n bá dá dúró nítorí oore lè pè wá lóru. Mo sì ti bá alága sọ̀rọ̀ pé kí á kọ̀wé sí àwọn DPO, ìyẹn àwọn ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá, agbègbè wa, kí wọ́n yan ọ̀gá kan tí a lè máa pè ní tààrà bí a bá gbé ẹni tó fara pa dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn pé kí wọ́n gba sitétímẹ́ǹtì aláàánú níbẹ̀, láìmú un lọ sí àgọ́. Ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ fi kún un, kó fún un kí á tó túká.